Ìwádìí tí Ìyá Mi Ṣe ní Òkukù

Mo rántí ọ̀sán tí ìyá mi ti Òkukù dé sí ilé wa ní Ìkìrun, tó tú gèlè, tó ní ìwádìí ti parí. Olùkọ́ bíi tèmi, ọmọ Òkukù, ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ilé-ìwé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìnísà. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í gbé ìyàwó láìwádìí ìdílé rẹ̀: ṣé wèrè kò sí níbẹ̀, ṣé wọn kì í jalè. Ìyá mi fi ìbéèrè tirẹ̀ kún un: ṣé ibà máa ń dá wọn dùbúlẹ̀?

Ibà pa ọmọ púpọ̀ ládùúgbò wa nígbà èwe mi. Ní tèmi, bó bá mú mi láàárọ̀, n óò ti máa gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Mo fi ń yangàn fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé ẹ̀jẹ̀ ilé wa le.

Ìyá mi ní, “Àwọn náà le bíi tiwa. Gbé e wálé.”

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kò bi í pé kí ló mú wọn le bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sì ti ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọmọbìnrin wa kò tíì pé ọdún méjì tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Ibà wá dé sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi àti ti ìyá rẹ̀ wò. AS ni àwa méjèèjì. Ọmọ wa ti gba S lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Dókítà ṣàlàyé pé S kan ṣoṣo máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà líle, ṣùgbọ́n bó bá pé méjì, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni, ibà tí kò rí àwa gbé ṣe sì lè gba ẹ̀mí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi bá wa ti ilé ìwòsàn délé. Ó wá ní, “Agbára ni mo wá lọ o.”

Mo ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé àwọn ènìyàn kì í sábà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ra nígbà náà. Ó gbà. Èmi ni n kò tíì lè gbà á fún ara mi.

Ọmọ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló ń sùn, kì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Láìpẹ́ yìí, ó rí mi níbi tí mo ti ń ronú, ó sì mọ ohun tí mò ń rò.

Ó ní, “Dádì, bí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀ yín yẹn, ibà ì bá ti pa yín ní kékeré. Ta ni ì bá wá bí mi?”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ di ìbàdí tí àìsàn náà mú kó máa ro ó mú bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, èmi sì rèé, arúgbó tí ẹ̀fọn ti jẹ yó, tí nǹkan kan kò ṣe.