Ọjọ́ Tí Ìyá Bi Ìjọba Léèrè Owó Orí

Òórùn ọṣẹ kì í kúrò lára wa nígbà náà. Bí mo bá jáde nílé iṣẹ́ ọṣẹ wa ní Ìkẹjà, tí mo fẹsẹ̀ rìn dé Ọgbà, àwọn ọmọdé á ti mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, gbogbo wa sì rò pé ara máa tù wá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo ní kóòtù kan ṣoṣo tí mo ń wọ̀ lọ sípàdé, mo sì gbà pé gẹ̀ẹ́sì mi lè mi ìjọba.

Kò pẹ́ tí òfin owó orí tuntun fi dé. Wọ́n dín ti àwọn onílé iṣẹ́ kù, wọ́n ní kí wọ́n lè ráyè gba èèyàn síṣẹ́. Wọ́n wá fi kún tiwa. Ìjọba rán ọ̀gá kan wá ṣàlàyé òfin náà fún wa nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan l'Ọ́gbà. Ẹgbẹ́ ní kí n kọ ẹ̀hónú wa, kí n sì kà á. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ ọ́.

Nígbà tí mo dìde, mo rí ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa níjòókòó iwájú, ó ń wò mí. Mo fo gbogbo ibi tó gbóná nínú ìwé náà, ìkíni àti ọpẹ́ nìkan ló kù. Ará ìjọba pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá kan, ará Èkìtì, olórí àwọn obìnrin tó ń di ọṣẹ sí páálí, ló bá dìde. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, èmi ò kàwé. Wọ́n ń yọ owó orí tèmi kí n tó fojú kan owó oṣù. Ta ló ń yọ ti àwọn tó ni ilé iṣẹ́?"

Ará ìjọba náà ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

"Kò jinlẹ̀ rárá, sà. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Àwa lẹ rí pé a pẹlẹbẹ."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Lọ́jọ́ Ajé, ilé iṣẹ́ fún ìyá níwèé pé kí wọ́n máa lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́nu géètì, wọ́n ní àwọn ò ní wọlé àfi bí ìyá bá padà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí. "Akọ̀wé, o ní làákàyè. Mo fẹ́ sọ ẹ́ di súpáfáísọ̀. Lọ bá àwọn èèyàn ẹ sọ̀rọ̀."

Mo jáde, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ẹgbẹ́ á yanjú ẹ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ ti ń ké. Ìyá ò padà, òfin ò sì yí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ bá ìyá ní Dopemu, níbi tí wọ́n ti ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n fa àga fún mi, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" N ò lè sọ ọ̀kankan nínú ohun tí mo gbé wá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ò dákẹ́. Mo ṣe súpáfáísọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ti ìyá ló bá mi dákẹ́. Ìyá ti kú báyìí, wọn ò sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà fún mi rí. Ká ní wọ́n bú mi ni, bóyá ì bá ti tán lọ́kàn mi.