Kọnkéré Tó Kọ̀ Láti Le

Bí mo bá ti gbóòórùn sìmẹ́ńtì tútù ní Ṣàngótẹ̀dó báyìí, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ajah ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, pákó tó ti jẹrà dá mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n já láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúnkún wọn sì fọ́. Lọ́sàn-án, èmi àti màmá mi, tó ń ta sóbò fáwọn lébìrà, lọ kó irinṣẹ́ wọn. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ń jẹ ìrẹsì.

Màmá mi ní, "Ọ̀gá, ọkọ mi sọ fún yín pé pákó yẹn ti jẹrà."

Ó ń jẹun lọ. "Ìyàwó, ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ kó ẹrù yín."

Màmá mi lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n fi ń po kọnkéré, wọ́n da gbogbo àpò ṣúgà sóbò wọn sí i, wọ́n fi igi rò ó títí ó fi yọ́. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo lá a. Ó dùn, iyanrìn ń ró lẹ́yín mi.

"Màámi, ṣé àwọn lébìrà máa mu ún ni?"

"Rárá. Ilé tí ọ̀gá ń kọ́ ló máa mu ún."

Yunifásítì ni mo ti wá mọ̀ pé ṣúgà kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì le.

Nígbà tá a padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n dà ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Onílé ń lé ọ̀gá náà jáde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Màmá mi rọra kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."

Mi ò tíì káàánú ẹ̀ títí dòní.