Tánganran Ọba Tí Màámi Fọ̀

Òórùn kọfí ló máa ń pàdé mi ní àtẹ̀gùn ilé wa ní Rogers Park lókè òkun tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì ti mọ̀ pé Màámi wà lọ́dọ̀ ìyá ará Rọ́ṣíà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ìbàdàn ni Màámi ti wá bá mi wẹ ọmọ. Òtútù sé e mọ́lé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá yẹn nìkan ni ọ̀rẹ́ tó ní. Kálukú ń sọ èdè tirẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n jọ ṣe ìyàwó sí.

Ìyá yìí ní àwọn ife àti kẹ́tù kọfí kan, tánganran funfun tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi góòlù ya idì olórí méjì sí lára. Ilé iṣẹ́ ọba Rọ́ṣíà ló ṣe é láyé ìyá rẹ̀ àgbà, òun nìkan ni wọ́n sì rí gbé sá kúrò nílùú. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ tí orúnkún ń dun Màámi, ìyá náà gbé e wá sílé wa. Wọ́n mu kọfí tán, ìyá náà sáré lọ gbé fóònù rẹ̀ tó ń dún nílé rẹ̀, ó fi àwo sílẹ̀. Kí n tó dé, Màámi ti mú ìyẹ̀fun tí mo fi ń fọ báàfù, ó ti fi kànrìnkàn ha gbogbo rẹ̀, ó funfun báláú.

"Màámi! Gold ara ẹ̀ ńkọ́? It's an antique o!"

"Góòlù wo? Ṣé èèyàn ń dá àwo olóore padà láìjẹ́ pé ó dán ni?"

Ó gbé ife kan sún mọ́ ojú, kò rí idì kankan lára rẹ̀ mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e padà. Ó kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ìyá náà wo ife títí, omi lé ròrò sí i lójú, ó wá rọra kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Okay, Mama. Okay."

Láti ọjọ́ náà, Màámi ò dé ọ̀hún mọ́. Ìyá náà á kanlẹ̀kùn títí, Màámi ò ní ṣílẹ̀kùn. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé.

Lọ́sẹ̀ kejì tó lọ, ìyá náà dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń ta kókó bi mí pé, kí lòun fi ṣẹ Màámi? Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé, kò yé e. Ìtìjú tí wọ́n fi kọ́ wa pé ìwà ọmọlúwàbí ni, ìbínú ni ọ̀rẹ́ Màámi pè é, ó sì dùn mí pé bó ṣe máa wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.