Ọṣẹ Ìyá Nabeelah Tó Kọ Ooru

Bí ẹ bá dé Àgbowó, tí ẹ béèrè ẹni tó ń po ọṣẹ olómi, ọ̀dọ̀ Zùwáírátù ni wọn yóò júwe fún yín. Ìyá Nabeelah ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ṣakí ni. Ẹ̀kọ ni ìyá rẹ̀ ń tà níbẹ̀, ìdí ààrò ẹ̀kọ yẹn ló sì dàgbà sí.

Ní oṣù kẹta, páúdà tó fi ń mú ọṣẹ ki wọ́n lọ́jà. Babájídé, tó ń ta kẹ́míkà fún un ní Dùgbẹ̀, gbé òmíràn fún un.

"Ìyá Nabeelah, omi tútù ni ẹ máa fi po eléyìí o. Kò fẹ́ràn ooru."

Ó ní òun ti gbọ́. Ó fi omi tútù pò ó, ó da iyọ̀ sí i bó ṣe máa ń ṣe, ọṣẹ sì ki, ó mọ́ bíi dígí. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni. Ìyáàfin Ikúbọlájẹ́, ọmọ Èkìtì tó ń bójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní Bódìjà, ló fẹ́ rà á. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, oṣooṣù ni yóò máa rà. Ọdún mọ́kànlá ni Zùwáírátù ti ń wá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ìgò kọ̀ọ̀kan tó ń tà kò lè gbé ṣọ́ọ̀bù dúró.

Ọ̀sán gangan ló kó wọn sẹ́yìn Márúwá, oòrùn sì mú. Nígbà tó dé Bódìjà, tí Ìyáàfin ní kí wọ́n ṣí kẹ́ẹ̀gì kìíní, ọṣẹ ti funfun, ó ti ṣù jọ, omi dá wà lọ́tọ̀.

"Kí lèyí? Ọṣẹ àbí omi ògì?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò rí báyìí nílé."

"Ojú ọ̀nà ló ti lọ mumi ni? Ẹ kó o padà. Tí mi ò bá rí ojúlówó lọ́la, màá pe ẹlòmíràn."

Nígbà tó délé, ó rántí ààrò ìyá rẹ̀. Ẹ̀kọ tó bá ń ṣomi, iná ni kò tíì jẹ ẹ́. Wọ́n á koná mọ́ ọn, á sì ki. Ló bá da kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta sí ìkòkò, ó dáná sí i. Bó ṣe ń gbóná ló ń burú sí i. Ó dà á sí gọ́tà. Ọṣẹ kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta kì í ṣe omi kànga, ṣùgbọ́n ẹ má bú u. Ẹni tó ti kékeré rí i pé iná ló ń mú nǹkan ki, báwo ni yóò ṣe gbà pé ooru lè tú nǹkan?

Mẹ́ta tó kù wà lórí sìmẹ́ńtì lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó fẹ́ da ìyẹn náà nù. Ó ṣí ọ̀kan: ọṣẹ mọ́, ó sì ki. Ó pe Babájídé.

"Mo sọ fún yín! Bí ooru bá mú un, páúdà yẹn á sá kúrò nínú omi, á ṣù jọ. Bó bá tutù, á wọnú omi padà. Kò bàjẹ́. Iyọ̀ yín gan-an ló ń jẹ́ kó tètè sá, ẹ dín in kù."

"O ò wá sọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀!"

"Ẹ ní ẹ ti gbọ́, mà."

Kí oòrùn tó mú, ó ti dé Bódìjà. Ìyáàfin Ikúbọlájẹ́ wo ọṣẹ náà, ó ní ọṣẹ ẹlòmíràn ni Ìyá Nabeelah lọ rà wá. Zùwáírátù tọrọ abọ́ omi gbígbóná kan, omi tútù kan. Ó bu ọṣẹ sí kọ́ọ̀pù, ó gbé e sínú omi gbígbóná: ó funfun. Ó gbé e sínú èyí tó tutù, wọ́n dúró: ó mọ́ padà.

"Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe.

"Ó dáa. Ẹ gbé wọn sábẹ́ àtẹ̀gùn, oòrùn kì í débẹ̀. Mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

"Mo ti dà wọ́n nù, mà."

"Síbo?"

"Gọ́tà ni, mà."

Ìyáàfin bú sẹ́rìn-ín. "Gọ́tà Àgbowó á mọ́ lónìí o! Ẹ lọ po mẹ́ta míràn, kí ẹ sì gbé wọn wá láàárọ̀ ọ̀la. Ní oṣù tó ń bọ̀, mẹ́jọ ni mo fẹ́."