Ìdìbò Tí Wọ́n Ní Ká Má Lọ

Onídìrí ni Ṣubúọlá, ìyàwó Nùrẹ́nì Ògúnlànà, ní Bọ́ládé ní Òṣòdì. Òṣòdì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló lọ́kọ sí, Ìyá Músílíù sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn. Obìnrin tó bá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ láti di ṣùkú, kó tó dìde, á ti gbọ́ ẹni tó bímọ, ẹni tó kó kúrò nílé, àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń yọ́ ìyàwó fẹ́. Ẹnu yìí ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Ọ̀pẹ rí tí wọ́n fi wá a wá nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1964 ń bọ̀, tí wọ́n sì fi í ṣe aṣáájú àwọn obìnrin àdúgbò.

Ó gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ó wá páànù bisikíìtì méjì, ó fi èédú ya igi ọ̀pẹ sára ọ̀kan, ó ya àtẹ́lẹwọ́ sára èkejì, nítorí ọwọ́ ni àmì àwọn Dẹ́mọ̀ tí wọ́n jọ ń du ipò. Ilé dé ilé ló ń gbé páànù náà kiri.

"Tí ẹ bá ti wọ yàrá, ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan," ló máa ń wí. "Ẹ wá àpótí tó ní ọ̀pẹ lára, ẹ ju ìwé yín sínú rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ níta."

Ìyá Àlímọ̀, arúgbó tó ń gbé ilé tó kángun sí tiwọn, ló gbádùn ẹ̀kọ́ náà jù. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Á sún mọ́ páànù títí imú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, á ní, "Òun nìyí!", á sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dìbò, Ṣubúọlá ń dirun fún Ọmọ́níkẹ́, ọmọge kan tó wá láti Ìsọlọ̀. Ó ti dé ìdajì orí nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣìgbìn lorúkọ rẹ̀, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kí ènìyàn. Lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Músílíù, ẹ bá mi sọ fún àwọn obìnrin yín pé kí ẹnikẹ́ni má jáde lọ́la."

"Kí wọ́n má jáde lọ síbo?"

"Síbi ìdìbò. A ò dìbò mọ́."

Ṣubúọlá kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó wojú rẹ̀ títí. "Ẹ jọ̀ọ́, Akọ̀wé, ẹ tún un sọ."

"Wọ́n ti ba ìdìbò náà jẹ́. Lókè Ọya, wọn ò jẹ́ kí àwọn tiwa fi orúkọ sílẹ̀ láti du ipò. Tí a bá lọ dìbò, bí ìgbà tí a fọwọ́ sí ìrẹ́jẹ ni."

"Àwọn Dẹ́mọ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn náà ò ní dìbò?"

"Àwọn á dìbò."

"Àwọn á dìbò, àwa ò ní dìbò, ta ló máa wá wọlé?"

Akọ̀wé nu ojú rẹ̀. "Àṣẹ wá láti òkè ni, Ìyá Músílíù. Èmi náà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ṣubúọlá dìde, ó so ìró rẹ̀. "Àǹtí, orí mi ńkọ́?" ni Ọmọ́níkẹ́ kígbe. Ó ní kó fi gèlè bò ó, òun ń bọ̀.

Àwọn ilé tó ti gbé páànù lọ náà ló tún ń wọ̀ báyìí. Ní ilé àkọ́kọ́, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ní èkejì, ìyáálé ilé bi í bóyá àwọn Dẹ́mọ̀ ti rà á. Níbòmíràn, wọ́n bi í nídìí ọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé Òkè Ọya bí Akọ̀wé ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ pé kò délẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àlímọ̀, ìyá náà gbọ́ ọ parí.

"Ṣé ọ̀pẹ ti kú ni?"

"Kò kú, Ìyá. Wọ́n ní ká má dìbò ni."

"Ìwọ lo ní ká dìbò."

"Èmi ni."

"Ìwọ náà lo wá ní ká má dìbò."

"Èmi náà ni, Ìyá."

Ìyá Àlímọ̀ mi orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú gan-an. Ṣubúọlá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn tó ń lọ síbi ìdìbò ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Wọn ò pọ̀. Lójijì ló rí Ìyá Àlímọ̀ tó ró aṣọ funfun, tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ó sáré bá a.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà."

"O ti kọ́ mi, mo sì ti mọ̀ ọ́n. Di ọwọ́ mi mú, òkúta pọ̀ lọ́nà yìí."

Kí ni ì bá ṣe? Ó di ọwọ́ ìyá mú. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọgbà ni ọ̀dọ́kùnrin Dẹ́mọ̀ kan pariwo, "Ẹ wo obìnrin ọlọ́pẹ, ó ti wá bá wa o!" Lódìkejì títì, ọmọ ẹgbẹ́ Ọ̀pẹ kan ń wò ó, ó pòṣé. Ojú ti Ṣubúọlá, kò sì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì lòun ń tijú fún. Nígbà tó kàn wọ́n, òṣìṣẹ́ ìdìbò bi í bóyá òun náà fẹ́ dìbò. Káàdì ìdìbò rẹ̀ wà ní etí ìró rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Òṣìṣẹ́ náà ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwọn tó mọ̀.

Nígbà tí Ìyá Àlímọ̀ jáde, inú rẹ̀ dùn. "Mo rí i, Ṣubúọlá. Mo ju ìwé mi sí i. Ṣùgbọ́n mo gbọn àpótí náà wò díẹ̀. Kò wúwo rárá."

Ní ìrọ̀lẹ́, Nùrẹ́nì dé láti Èbúté-Mẹ́ta, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó ní níbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ṣí ọ̀pọ̀ ibi ìdìbò.

"Kí ló dé tí wọ́n ṣí tiwa?"

"Ọ̀hún wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwa wà lábẹ́ ìjọba Dẹ́mọ̀ ní Ìbàdàn."

"Bàbá Músílíù, ṣé kì í ṣe ìlú kan náà lẹ ti ń bọ̀ ni?"

Nùrẹ́nì ní kó gbé oúnjẹ wá.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ò yéni mọ́. Àwọn kan ní Dẹ́mọ̀ ti gba ọ̀pọ̀ àyè nílẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn kan ní ìdìbò náà kò jẹ́ nǹkan kan. Asọ̀rọ̀mágbèsì ní Ààrẹ kò tíì pe ẹnikẹ́ni láti gba ìjọba. Ọdún tuntun dé, wọ́n kí ara wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ń ṣe olórí. Ìgbà tí àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ni ìròyìn dé pé àwọn àgbà ìlú ti parí rẹ̀, olórí ìjọba àná náà ló ṣì ń ṣe é.

Ṣubúọlá pàdé Akọ̀wé lọ́nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a wọlé ni àbí a ò wọlé?"

"Ó dà bíi pé a wà ní àárín," ni Akọ̀wé dáhùn.

Àwọn obìnrin kan kò wá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n padà wá, torí kò sẹ́ni tó mọ ṣùkú dì tó o.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, wọ́n tún ní kí wọ́n dìbò, ti ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn nìkan lọ́tẹ̀ yìí. Akọ̀wé búra fún un pé àṣẹ kò ní yí padà. Ṣubúọlá tún lọ láti ilé dé ilé, ṣùgbọ́n ọjọ́ àti ibi nìkan ló sọ fún wọn. Òun náà dìbò. Lẹ́yìn ìyẹn, asọ̀rọ̀mágbèsì ní Dẹ́mọ̀ ló wọlé, àwọn Ọ̀pẹ náà ní àwọn ló wọlé, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí jóná káàkiri.

Ìyá Àlímọ̀ pè é látorí ẹní rẹ̀. "Ìbò tá a dì ńkọ́, Ṣubúọlá? Ṣé ó wọlé?"

Ṣubúọlá jókòó tì í, òórùn èéfín ń wọlé látìta.

"Ìyá," ló wí, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn."