Ọ̀rọ̀ Tí Àṣàkẹ́ Fi Pamọ́ Sí Mi Lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín lónìí. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi, tí mo bá sì ti rántí ẹ̀, ojú ṣì máa ń tì mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kánsẹ́lọ̀ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan lágbègbè Ìgándò. Kì í ṣe kánsẹ́lọ̀ tó ń gbégbá ìbò o! Èmi lẹni tí wọ́n ń rán ọmọ sí tí ọmọ bá ń sunkún láìnídìí, tó bá ń jà, tàbí tí ìwé ẹ̀ bá ṣàdédé ń burú sí i. Iṣẹ́ mi ni kí n gbọ́ ti ọmọ, kí n gbọ́ ti òbí, kí n sì bá wọn wá ọ̀nà.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n rán ọmọbìnrin kan sí mi. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àṣàkẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, orí ẹ̀ pé, àmọ́ kò gbájú mọ́ ìwé mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wá jókòó níwájú mi láìsọ nǹkan kan ju "kò sí nǹkan, mà" lọ. Èmi náà ò yọ ọ́ lẹ́nu. Mo kàn sọ fún un pé ohun tó bá bá mi sọ nínú ọ́fíìsì yìí ò ní bá mi jáde.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó sọ ọ́. Bàbá àti ìyá ẹ̀ ti pínyà láti ìgbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ìyá ti wá a rí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń dirun lápá Abúlé Ẹ̀gbá. Gbogbo Sátidé tí bàbá bá rò pé ọmọ wà ní kíláàsì àfikún, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló ń lọ. Ìyá á dirun fún un, wọ́n á jọ jẹun, ó di ilé. Tí bàbá bá béèrè pé ta ló dirun yìí, á ní ọ̀rẹ́ òun ni.

Irọ́ yẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ràn bàbá ẹ̀, kò fẹ́ máa purọ́ fún un, kò sì lè fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí pé, "Mà, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n ṣẹ̀?" Ẹ wo ìbéèrè tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń gbé kiri! Mo ní kó fún mi lọ́sẹ̀ méjì kí n fi ronú sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí bàbá ẹ̀ fi wọlé dé. Alájì ni wọ́n, télọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, irùngbọ̀n wọn ti funfun. Bàbá tó bí mi ò jù wọ́n lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fún wọn ní àga. Wọn ò jókòó. Àfi bí bàbá ṣe ṣí fìlà, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì ọ́fíìsì mi!

"Aúntì, ẹ ṣàánú mi," wọ́n ń sọ ọ́ láti ilẹ̀. "Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, jàre."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni àgbàlagbà á dọ̀bálẹ̀ fún tí ara ẹ̀ ò ní gbọ̀n? Èkìtì ni wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rù ló ń bà á. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni pé kí bàbá yìí ṣáà dìde. Mo ń fà wọ́n lápá, mo ń bẹ̀ wọ́n, ẹnu mi sì ti ń sọ ọ́ lọ: Sátidé, ṣọ́ọ̀bù, ìyá, irun. Kí wọ́n tó nàró tán, mo ti sọ ọ́ tán.

Wọn ò pariwo. Wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú mi tiẹ̀ dùn nígbà yẹn? Lójú tèmi, mo ti bọ̀wọ̀ fágbà.

Lọ́jọ́ Ajé, Àṣàkẹ́ ò wá sílé ìwé. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló sọ fún mi pé wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi. Ìyá Àṣàkẹ́ ni; ọmọ ti sọ fún un pé èmi lòun ń bá sọ ọ̀rọ̀ inú òun. Sátidé mẹ́ta tẹ̀léra ló ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ de ọmọ, tí kò rí i. Ó ní òun ti ń rò pé bóyá ọmọ òun ti kú. Kò mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Mo là á fún un fúnra mi. Kò bú mi, ì bá tiẹ̀ bú mi! Ó kàn ní, "Ẹ̀yin nìkan ló sọ ọ́ fún láyé yìí, Aúntì." Ó lọ tán, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún.

Mo bẹ igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa, obìnrin àgbà kan, pé kó sìn mí lọ bá Alájì ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín aṣọ tí wọ́n ti gé. Mo ní èmi ni kí wọ́n bínú sí, kì í ṣe ọmọ. Alájì dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Aúntì," wọ́n ní, "mo wá bá yín pé kí ẹ kọ́ mi bí n ó ṣe máa bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ẹ ò kọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ lẹ gbé lé mi lọ́wọ́. Kí lẹ ní kí n fi ṣe? Inú bí mi, mo ṣe èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìrànlọ́wọ́ ni bàbá béèrè, àṣírí ni mo fún wọn. Ká ní mo jókòó tì wọ́n ni, kí n bi wọ́n pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù, kí ọmọ sì wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níṣojú mi! Iṣẹ́ tí mo kàwé lé lórí gan-an nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ bẹ̀ wọ́n. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú Àṣàkẹ́ padà, wọ́n sì gbà kó máa lọ rí ìyá ẹ̀ ní Sátidé láìpurọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ gan-an fún ìyẹn.

Àmọ́ èmi àti òun ńkọ́? Ó ń kí mi dáadáa, ó ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n títí tó fi jáde nílé ẹ̀kọ́, kò jókòó ní ọ́fíìsì mi mọ́. Àwọn ọmọ yòókù náà ò wá, torí ọmọ máa ń sọ fún ọmọ. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a lè bọ̀wọ̀ fágbà ká má fi ọmọ san án. Tí ewu bá wà, mo gbọ́dọ̀ sọ fún àgbà, mo sì máa ń jẹ́ kí ọmọ mọ bẹ́ẹ̀ kó tó lanu rárá. Èyí tí kì í bá ṣe ewu, ọmọ ló ni ín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti tú àṣírí yín rí nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé? Àbí ẹ̀yin lẹ tú tọmọ? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́.

Kí n tó kọ tèmi, mo wá Àṣàkẹ́ lọ. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí. Mo bi í bóyá mo lè sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ọ́, àmọ́ apá kan wà tí òun ò fẹ́ kí n kọ.

Mi ò kọ ọ́.