Ìwé Tí Mo Kà fún Bàbá Ọkọ Mi

Bí òórùn kòkó tútù tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò bá ti ta sí mi nímú, ọkàn mi a padà sí àgbàlá bàbá ọkọ mi ní Àpòmù, níbi tí mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìwé lè kó ènìyàn sí ìyọnu. Òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, kòkó lówó lórí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ láti Ìkirè, tèmi ti àpótí ìwé mi. Aṣọ ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń rù wá sílé ọkọ. Èmi, ìwé ni.

Kò sí ìwé tí mo rí tí n kì í kà. Mo ka ọ̀kan nípa ọkọ̀ tó sọnù lójú òkun, inú mi sì ń rú bí ẹni tó fẹ́ bì, bẹ́ẹ̀ omi tó tóbi jù tí mo tíì fojú rí kò ju odò Ọ̀ṣun lọ. Mo ka ìwé ìmọ́tótó, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í se omi kí n tó mu ún, títí ìyá mi fi búra pé bí mo bá tún fi igi ìdáná òun se omi lásán, ìwé mi ni òun máa fi dáná. Ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ òyìnbó bí mi nínú, mo sì máa ń bá a jiyàn sókè bí ẹni pé ó gbọ́ mi. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́dún yẹn ni wọ́n gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni àṣẹ wà. Mùsùlùmí ni Bàbá, àgbẹ̀ oníkòkó tí kì í pariwo. Kò sọ pé rárá. Ohun tó wí ni pé obìnrin tó bá kàwé jù kì í mọ àgbà mọ́, àti pé òun fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú àwọn ìwé mi kí òun tó fèsì. Ó ní kí n kó wọn wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ó tún ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù kan, pé kó wá jókòó tì mí kó máa wojú ìwé, kí n má baà tan òun jẹ.

Gbogbo ilé ló jáde lọ́jọ́ náà. Bàbá ní, "Bísímílà," mo sì fi ìwé àrùn kòkó bẹ̀rẹ̀. Bí mo ti ń kà á ni ó ń mi orí. "Ẹni tó kọ ọ́ yìí," ó bèèrè, "ṣé ó ti roko kòkó rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọkàn mi balẹ̀. Mo bá mú ìwé ìtàn Yorùbá kan tí olùkọ́ mi ní Ìkirè ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi. N kò tíì kà á rí. Ìgbéraga ni: mo gbà pé kò sí ìwé tí n kò lè kà lójú ẹsẹ̀.

Ìtàn bàbá olówó kan tó háwọ́ ni. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, ni ahọ́n mi bá so. Orúkọ bàbá ọkọ mi gan-an ni. Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Eyínfúnjowó ni mò ń pe àbúrò ọkọ mi tó kéré jù. Kí wá ni ti ẹni tó bí gbogbo wọn? Òǹkọ̀wé sọ òkò sọ́jà, ará ilé mi ló bá.

Mo fi "Baálé" rọ́pò orúkọ náà, mo ń kà á lọ. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ni àìsàn ti dá ọkùnrin náà wólẹ̀. Mo mọ ibi tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sábà ń parí sí. Kí n ka ikú olórúkọ Bàbá sí Bàbá létí nínú ilé rẹ̀, bí kì í bá ṣe èpè, kí ni? Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Akọ̀wé kóòtù wúkọ́, Bàbá sì yíjú sí i.

"Akọ̀wé, ṣé ohun tó wà níbẹ̀ ló ń kà?"

"Ó ń kà á, àmọ́ ó ń yí nǹkan kan padà."

Ojú Bàbá le. "Ìyàwó, kí lò ń fi pamọ́ fún mi?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹnu mi ò gbà á."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo rí i pé Ìbàdàn ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ kí n sì bọ́. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. N kò sọ ọ́.

Akọ̀wé ló sọ̀rọ̀. "Orúkọ tìrẹ ni. Orúkọ rẹ ni ọkùnrin inú ìwé ń jẹ́, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Ìyàwó rẹ ò fẹ́ pè é."

Bàbá kọjú sí mi. "Ó ti kú?"

"N kò tíì débẹ̀, sà."

"Pa á dé." Mo pa á dé. Ó gbá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra, ó dìde. "Máa lọ sí Ìbàdàn. Ìwé ò tíì gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ."

Mo lọ. Nígbàkígbà tí mo bá wálé fún ìsinmi, bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i tán, á bi mí léèrè pé, "Ọ̀gbẹ́ni ọjọ́sí ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti yá?" Èmi náà á ní, "Ó ń yá díẹ̀díẹ̀, Bàbá." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo máa ń rí i pé ó ń dúró gbọ́ èsì náà. N kò lè parọ́ fún un, nítorí náà n kò ṣí ìwé yẹn mọ́, èmi tí n kì í fi ìwé sílẹ̀.

Ìgbà ìkórè kòkó ni Bàbá kú, ó gbó kó tó lọ. Nígbà tí àlejò tú ká, mo mú ìwé náà, mo wá ojú ibi tí mo dé dúró, mo sì tún pa á dé. Ní báyìí tí ojú mi ti ṣú, àwọn ọmọ-ọmọ mi ló ń kàwé fún mi. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀kan fà á yọ, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n kà á parí fún yín." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtàn lásán ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ṣí ojú ìwé tó kàn, ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ bàbá ọkọ mi ṣì wà lórí ibùsùn rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń yá díẹ̀díẹ̀.